Orúkọ ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ rí lójú ọ̀nà Èkìtì tó pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ kó wọn wá síbí

Ìyàwó_Èkìtì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìkọ̀lé la ti ń bọ̀, ìnáwó kan délẹ̀ nínú ẹbí ọkọ mi la bá kó ara wa sínú mọ́tò kan ṣoṣo láti Èkó, èmi, Bàbá Tómi, àwọn ọmọ, àti màmá tó bí ọkọ mi. Iwájú ni màmá jókòó torí orúnkún wọn, èmi ìyàwó wà lẹ́yìn láàárín kúlà àti àwọn ọmọ tó ń jà.

Bá a ṣe yà ní Ìtawúrẹ́ tá a forí lé Ẹ̀fọ̀n báyìí ni nẹ́tíwọ́kì lọ, ọ̀nà ń lọ́, òkè ń ga, fóònù ò ṣe nǹkan kan mọ́, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ "mummy ó ti sú mi, mummy ó kù díẹ̀ àbí?" Màmá ní ó dáa, kí ẹni tó wà lápá ọ̀tún máa ka pátákó ọwọ́ ọ̀tún, kí ti òsì máa ka ti òsì, èyí tó bá pa òun lẹ́rìn-ín ló gba máàkì. Ẹ ò mọ màmá yìí o, wọn kì í rẹ́rìn-ín sí nǹkan tí gbogbo ayé ń rẹ́rìn-ín sí. "Blood of Jesus Frozen Foods" kọjá, wọn ò mira. "Amazing Grace Block Industry", wọ́n ní ṣé búlọ́ọ̀kù ò fẹ́ oore-ọ̀fẹ́ ni.

Àmọ́ ẹ gbọ́ àwọn tó gba máàkì.

Onígbàjámọ̀ kan, mi ò ní dárúkọ ìlú náà, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó pé Ẹ̀YIN LÓ KÀN. Orúkọ tó dáa fún bábà àbí? Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ máa wo bọ́ọ̀lù, ó máa kàn yín. Àmọ́ nǹkan kan ti gbá òpó pátákó yẹn, mi ò mọ̀ bóyá mọ́tò ni tàbí atẹ́gùn, ó ti yí padà, ọ̀fà tí wọ́n yà sábẹ́ orúkọ yẹn wá kọjú tààrà sí ṣọ́ọ̀bù kejì, ṣọ́ọ̀bù kejì sì rèé, pósí ni wọ́n ń kàn níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n síta, wọ́n ń dán yinrin. Ẹ̀YIN LÓ KÀN. Bàbá Tómi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ó ní ẹ jẹ́ ká rọra máa lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn la rí "Sùúrù Lérè Express Dry Cleaning". Tómi ní ṣé express ni àbí sùúrù, èwo ni ká mú nínú méjèèjì?

Èyí tó dá ìjà sílẹ̀ nínú mọ́tò ni ṣọ́ọ̀bù méjì tó dojú kọra wọn, títì ló wà láàárín wọn. Ti ọ̀tún ní INÚ Ń BÍ WỌN STORES. Ti òsì ní TA NINÚ Ń BÍ ENTERPRISES. Kí n má parọ́, màmá rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn. Àwọn ọmọ wá ń jà pé ta ló ni máàkì, ọ̀kan ò pé láìsí èkejì. Màmá ní pátákó kan ò sí lójú ọ̀nà yìí tí kò lẹ́ni tó ń bá wí, pé tá a bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ká má wo ọjà tí wọ́n ń tà, ká wo ẹni tó ń gbé níwájú ibẹ̀.

Ó ku ọ̀kan. Ebi ti ń pa wá, ó ti ń lọ bí aago mẹ́ta, la bá rí búkà kan tí èéfín ń jáde lẹ́yìn ẹ̀, orúkọ ẹ̀ ni IYÁN OGÚN ỌDÚN. Àbúrò Tómi ní òun ò ní jẹ níbẹ̀ o, iyán ti lọ́jọ́ lórí.

Ó yá, ẹ mú tiyín wá.


Alárìnká_Àkúrẹ́

Haaaaa. Ẹ̀yin ló kàn 😂😂 mo wà nínú báńkì, àwọn èèyàn ń wò mí.


Ọmọ_Ìkọ̀lé_Gidi

Ìyàwó wa, ẹ kú àbọ̀. Mo ka gbogbo ẹ̀ mo sì rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ jẹ́ n bínú díẹ̀ ná. Ará Èkó tó bá ti kọjá Iléṣà báyìí, gbogbo nǹkan ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Ṣé ti Èkó ò burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ni? Èmi rí "Dubai International Akara" ní Agége pẹ̀lú ojú mi, agbada kan àti síbí kan ni gbogbo international ọ̀hún, ẹnikẹ́ni ò fi ṣe ẹ̀rín.

Ẹ̀ẹ̀kejì, Iyán Ogún Ọdún yẹn, òwe ni o! Iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Ẹni tó sọ búkà ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní kẹ́nì kan má rò pé ọ̀rọ̀ ti tutù. Ìbínú ló wà níbẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ.


Ìyàwó_Èkìtì

@Ọmọ_Ìkọ̀lé_Gidi ẹ̀gbọ́n ẹ má bínú, ọmọ yín náà ni mí báyìí, owó orí mi wà lọ́wọ́ yín. Mo mọ̀ pé òwe ni, Ìjẹ̀bú náà ń pòwe. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nínú gbogbo òwe tó wà nílẹ̀ Yorùbá tó ní iyán nínú, èyí tí iyán ti lo ogún ọdún ló gbé sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà tébi ń pa. A sì jẹ níbẹ̀ o! Iyán yẹn gbóná lóòótọ́, ẹ̀fọ́ rírò rèé, ẹran ìgbẹ́ rèé, Bàbá Tómi gba àfikún, ó tún gbà sí i. Ọmọ tó ní òun ò ní jẹ ló fi ọwọ́ nu abọ́.

Màmá pe obìnrin tó ni ibẹ̀, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní ohùn Èkìtì tí èmi ò gbọ́ tán. Nígbà tá a wọ mọ́tò wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ tí búkà yẹn wà lórí ẹ̀, wọ́n fi jìyà lọ́wọ́ ẹbí kan fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbà á padà. Ṣé ẹ rí i pé òótọ́ màmá ni, ẹnì kan ń bẹ tó ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ tí pátákó yẹn ń bá sọ̀rọ̀.


Ọmọ_Ìkọ̀lé_Gidi

Èmi ò sọ! Inú mi ti rọ̀. Ẹ máa bá ẹ̀rín yín lọ.


Olówó_Búrọ́ọ̀ṣì

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń kọ pátákó dá sí i. Àdó ni mo wà, mo ti kọ́ṣẹ́ yìí kí wọ́n tó máa fi ẹ̀rọ tẹ pátákó oníláílọ́nù tí wọ́n ń pè ní flex, ìgbà tó jẹ́ pé búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀dà àti ojú lásán la fi ń ṣe é. A máa kọ́kọ́ fi ọ̀dà funfun tẹ́ ìdí páànù, kó gbẹ, ká fi ṣọ́ọ̀kì àti okùn fa ìlà, ká wá ka lẹ́tà. Kíka lẹ́tà yẹn ni gbogbo wàhálà iṣẹ́ wa. Oníbàárà á gbé orúkọ wá lórí bébà, a dúnàádúrà, mo ti pín ààyè, mo ti bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, á wá pè mí lórí fóònù pé pásítọ̀ ní kóun fi "Divine" síwájú, ìyàwó òun ní kóun fi "Global" sẹ́yìn. Níbo ni kí n gbé e sí? Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí pátákó tí lẹ́tà iwájú tóbi gàgàrà, tó ń kéré sí i bó ṣe ń lọ, tí ìgbẹ̀yìn wá rún mọ́ ara wọn. Ẹ máa ń rò pé a ò mọ iṣẹ́ ni. Oníbàárà ló ń fi kún un lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó wà lọ́kàn mi. Bàbá kan ń wé wáyà mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀, rewáyà ni wọ́n ń pè é, ó ní kí n kọ orúkọ òun kí n fi "& SONS" sí i. Mo kọ ọ́. Ọmọ ò tíì sí nílẹ̀ nígbà yẹn, ìgbàgbọ́ ni. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, obìnrin ni, òmíràn tún dé, obìnrin, gbogbo wọn pátá obìnrin. Bàbá ò pa á rẹ́. Ọdún gorí ọdún, bàbá darúgbó, àkọ́bí rẹ̀ ló gba ṣọ́ọ̀bù, obìnrin tó ń wé wáyà ju ọkùnrin mìíràn lọ, ẹ béèrè ní Àdó. Ó pè mí pé kí n wá pa "SONS" yẹn rẹ́, kí n kọ "DAUGHTERS". Mo ṣírò fún un, lẹ́tà mẹ́rin la fẹ́ fi mẹ́sàn-án rọ́pò, páànù náà ò sì gbà á, àfi ká fi páànù kún un. Ó ní owó ò tíì tó, kí n pa SONS rẹ́ ná, kí n fi "&" sílẹ̀, òun ń bọ̀ wá parí ẹ̀.

Ó wà bẹ́ẹ̀ títí dòní. Orúkọ bàbá, àmì &, òfìfo. Iṣẹ́ ń wọlé fún un ṣá, kò tíì padà wá.


Alárìnká_Àkúrẹ́

"Orúkọ bàbá, àmì &, òfìfo." Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ọmọbìnrin yìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má tún un ṣe.


Ìyàwó_Èkìtì

Mo ka èyí sókè fún Bàbá Tómi, ó ní àmì yẹn gan-an ló lágbára jù, kó o lọ fọkàn ro èyí tó kù. Ẹ̀yin oníbúrọ́ọ̀ṣì ẹ ń gbìyànjú o. Flex ti gba iṣẹ́ yín àbí?


Olówó_Búrọ́ọ̀ṣì

Ó gbà á, kí n má purọ́. Ẹni tó fẹ́ flex, á gbà á lọ́jọ́ kan náà, ó sì máa ní fọ́tò. Àmọ́ ẹ wo fọ́tò yẹn dáadáa. Ọmọ òyìnbó kan náà ló ń rẹ́rìn-ín lórí pátákó gbogbo iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi láti Ìkéré dé Òmùò, obìnrin kan náà tó wé gèlè ló wà lórí ti gbogbo télọ̀. Àwòrán tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà ni, wọ́n kàn ń yí orúkọ. Oòrùn ọdún méjì, ojú ọmọ òyìnbó ti di aró. Tèmi tí mo fi ọ̀dà kọ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹni tí kò nílò wa rí, tí kò sì nílò flex, ni fọkaníṣà. Òun á gbé táyà tó ti kú síta, á fi ọ̀dà funfun kọ iṣẹ́ ẹ̀ sára ẹ̀ fúnra ẹ̀, sípẹ́lì tó bá wù ú. Mo ti rí i lóríṣiríṣi, V-O-C-A wà, V-U-K-A wà. Táyà ẹ bá ti jò lọ́nà Ẹ̀fọ̀n tí ilẹ̀ ń ṣú, ẹ ò ní bi í léèrè sípẹ́lì.


Àgbà_Òṣèlú_Fẹ̀yìntì

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń mọ ọjọ́ orí ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà wa láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá rí pátákó tí ọ̀dà ẹ̀ ti ṣí, tí wọ́n kọ "Ado-Ekiti, Ondo State" sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú October 1996 tí wọ́n yọ Èkìtì jáde lára Oǹdó. Tí ẹ bá rí "Fountain" nínú orúkọ, Fountain Pure Water, Fountain Pharmacy, Fountain Computer, ìgbà tí nọ́ńbà mọ́tò wa ń jẹ́ "Fountain of Knowledge" ni wọ́n là á sílẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n yí i sí "Land of Honour and Integrity", ni gbogbo nǹkan tún di Honour, Integrity, Iyì, Ẹ̀yẹ. Mo rí "Integrity Betting Centre" lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mi ò wọlé.


Ọmọ_Ìkọ̀lé_Gidi

Integrity Betting 😂😂😂 bàbá ẹ kú iṣẹ́. Àwa tá à ń gbèjà Èkìtì, àwọn ará ilé ló ń tú wa fó.


Ẹ̀gbẹ́_Fábùnmi

Òkè-Ìmẹ̀sí ni mo ti wá, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó péye jù ní gbogbo Èkìtì, ọ̀dọ̀ wa ló wà. Ọkùnrin kan ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ó sọ ibẹ̀ ní KÌRÍJÌ. Ṣé ẹ mọ Ogun Kìríjì, èyí tí Èkìtì Parapọ̀ bá Ìbàdàn jà, 1877 sí 1886? Ìró ìbọn ńlá tó ń dún láàárín òkè ni wọ́n fi sọ ogun yẹn lórúkọ. Jẹnẹrétọ̀ tó bá kọ́kọ́ tàn níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ máa mọ̀ pé kò sí orúkọ míì tó yẹ ẹ́. Kì-rì-jì, kì-rì-jì, èéfín, ó kú. Wọ́n tún fà á. Ogun ọdún mẹ́sàn-án ni ti ìgbà yẹn, jẹnẹrétọ̀ bàbá mi ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ náà, ẹ jẹ́ ká fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.


Alárìnká_Àkúrẹ́

Ó yá, èmi náà dé. A kó àwọn ọmọ lọ Ìkógòsì nígbà ìsinmi Àjíǹde. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì débẹ̀, omi gbígbóná ń ṣàn láti apá kan, omi tútù láti apá kejì, wọ́n wá pàdé, tó o bá ki ẹsẹ̀ kan síhìn-ín tó o ki ìkejì sọ́hùn-ún wàá mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tá à ń padà bọ̀ a rí ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí àti mínírà, orúkọ ibẹ̀ ni "Gbígbóná àti Tútù Relaxation Spot". Ọgbọ́n nìyẹn, wọ́n gba orúkọ lára omi. A jókòó, a ní kí wọ́n gbé tútù wá. Ọmọ tó ń tajà ní iná ti lọ láti àná, gbígbóná nìkan ló wà.

A mu ún bẹ́ẹ̀. Kí la fẹ́ ṣe, wọ́n ti kọ ọ́ síta, gbígbóná ló sì ṣáájú.


Ìyàwó_Èkìtì

@Alárìnká_Àkúrẹ́ ẹ̀yin lẹ gba máàkì òní. Mo ní kí n má sọ èyí torí Bàbá Tómi ń ka ibí yìí, àmọ́ ẹ ti bọ́ sọ́rọ̀ ọtí. Nítòsí Ọ̀yẹ́ a rí ilé ọtí kan tó ń jẹ́ OKO ETÍLÉ. Màmá ni wọ́n kọ́kọ́ kà á, wọ́n ní "háà, ọlọ́gbọ́n lẹni yìí." Èmi ò tètè mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kí n fọkàn yàwòrán ẹ̀, ìyàwó pe ọkọ, níbo lẹ wà, ọkọ ní mo wà ní oko etílé. Kò parọ́. Ó jókòó síbẹ̀ gan-an.

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín, ó wá dákẹ́ lójijì torí màmá ti yíjú sí i, wọ́n ní "bàbá ẹ ní oko etílé kan láyé ijọ́un tí mi ò rí iṣu ibẹ̀ rí."


Lọ́yà_Àdúgbò

Ẹ̀rín ti tó, ẹ jẹ́ kí lọ́yà ba ayé jẹ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ orúkọ tẹ́ ẹ kọ síbí, CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ò ní fi orúkọ sílẹ̀ fún wọn bẹ́ẹ̀. CAMA, òfin tó ń darí ilé-iṣẹ́, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2020 là á kalẹ̀, bí ti 1990 tó wà tẹ́lẹ̀ ṣe là á, pé tó o bá fẹ́ kọ "Federal", "National", "Government" tàbí nǹkan tó jọ pé ìjọba wà lẹ́yìn ẹ, àfi kí àjọ náà gbà fún ẹ. Mo sì mọ ẹnì kan tó ń ṣáàjì bátìrì tó kọ "National Headquarters" sí ara kíóskì. Headquarters ti kíni? Kò ní ẹ̀ka kankan. Ti "Limited" tún burú, ẹni tí kò dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bíi kọ́ńpìnnì kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé Ltd sára orúkọ, àmọ́ ẹ wo títì, àwọn tó ń ta gààrí náà ti di Nig. Ltd.

Pátákó fúnra ẹ̀ ní òfin tiẹ̀. Ìwé òfin 1999 fi àkóso pátákó ìpolówó ìta sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń wá kọ nọ́ńbà pupa sí i lára tí wọ́n bá ní o jẹ gbèsè. Oníbàárà mi kan gé pátákó ẹ̀ sí méjì kí owó ẹ̀ lè dínkù. Ìdajì orúkọ ló kù síta, "OLÚWA NI OLÙ", ìdajì kejì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.


Olówó_Búrọ́ọ̀ṣì

Olùṣọ́ ni, olùrànlọ́wọ́ ni, a ò mọ̀. Lọ́yà, nọ́ńbà pupa yẹn kì í tán lára páànù, mo ti fi ọ̀dà bò ó títí.


Akẹ́kọ̀ọ́_Ọ̀yẹ́

Ẹ̀yin àgbà ẹ gbàgbé àwa ọmọ iléèwé. Kí yunifásítì tó dé Ọ̀yẹ́ ní 2011, màmá tí mo ń jẹun lọ́dọ̀ wọn ní Ìyá Dúpẹ́ ni gbogbo ìlú ń pe búkà wọn, kò sí pátákó kankan. Nígbà tá a dé wọ́n ní ọmọ iléèwé fẹ́ nǹkan tó ń dún. Ó ti di "Mama D Campus Kitchen and Grills". Ìrẹsì kan náà, ẹ̀wà kan náà, grills yẹn ẹja díndín ni. Wọ́n tún gbìyànjú láti fi owó kún un nítorí orúkọ, a ní Ìyá Dúpẹ́ ẹ jọ̀ọ́.

Àwọn tó kù: "Second Class Upper Barbing Salon" (ẹ má ṣe bẹ̀rù, first class wà ní òdìkejì, ó gbówó lórí). "Carry Over Laundry", ẹni tó ni ín kò mọ ohun tó sọ, àbí ó mọ̀ ọ́n jù, mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì síbẹ̀ ní first semester, ẹ fọkàn ro ìgbà tí mo gbà á. Viewing centre kan tún wà tó ń jẹ́ "Extra Year", pọ́ńbélé, wọ́n ò fi nǹkan kan sí i. Bàbá mi wá bẹ̀ mí wò, ó rí i, ó bi mí pé ṣé èmi náà máa ń débẹ̀. Mo ní rárá sà.


Ẹ̀gbọ́n_Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ ń jẹ́ kí ilé máa wù mí. Níbí náà àwọn onígbàjámọ̀ àti àwọn tó ń din ẹja fẹ́ràn kí wọ́n máa fi orúkọ ṣeré, àmọ́ ẹ̀dà ọ̀rọ̀ lásán ni, wọ́n á fi irun rọ́pò lẹ́tà kan, ó tán. Kò sẹ́ni tí wọ́n ń bú. Mo gbé ibí tó báyìí, mi ò tíì rí ṣọ́ọ̀bù tó ń dá ẹ̀gbọ́n ìyàwó lóhùn.


Ìyàwó_Èkìtì

Hahaha ẹ wá sí Èkìtì, ẹ máa rí i. Mo fi fóònù pe màmá lálẹ́ àná, mo ka tiyín fún wọn. Ti pátákó tí wọ́n gé sí méjì ni wọ́n rẹ́rìn-ín sí, ti Integrity Betting wọ́n ní ìyẹn ò yà wọ́n lẹ́nu. Mo wá bi wọ́n pé tí àwọn bá ní ṣọ́ọ̀bù kí ni wọ́n máa sọ ọ́. Wọn ò tiẹ̀ rò ó. Wọ́n ní "Mo Ti Gbọ́ Provision Store". Mo ní màmá, kí lẹ gbọ́? Wọ́n ní gbogbo ẹni tó bá ti sọ nǹkan ló máa mọ̀.


Ọmọ_Ìkọ̀lé_Gidi

Ẹ̀rù màmá yìí ń bà mí láti ibi tí mo wà.


Aláta_Bàṣírì

Ẹ káàsán gbogbo ilé. Mi ò kì í sọ̀rọ̀ níbí, mo kàn máa ń kà ni. Mo fẹ́ ṣí ibi tí màá ti máa lọ ata àti ẹ̀wà ní Àdó, màá sì máa ta nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ síwájú ẹ̀. Gbogbo orúkọ tí mo ń rò, àdúrà ni, mo sì rí i pé ẹ̀rọ ata tó wà ládùúgbò wa ti fẹ́ẹ̀ gba gbogbo àdúrà tán. Mi ò sì fẹ́ bá aládùúgbò kankan jà. Ẹ bá mi rò ó.


Alárìnká_Àkúrẹ́

Ẹ Má Fọwọ́ Nujú.


Akẹ́kọ̀ọ́_Ọ̀yẹ́

Ata Campus and Grills.


Ẹ̀gbẹ́_Fábùnmi

Kìríjì Kejì. Ẹ̀rọ ata ń pariwo ju jẹnẹrétọ̀ lọ.


Àgbà_Òṣèlú_Fẹ̀yìntì

Ẹ Má Fọwọ́ Nujú dáa. Ó jẹ́ ìkìlọ̀, kò bú ẹnikẹ́ni, ọmọdé máa tètè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá wá gbà á sí ọ̀rọ̀ ìjà, ara ẹ̀ ló ń fu ú.


Lọ́yà_Àdúgbò

Ẹ wò ó lórí CAC ná bóyá ẹlòmíì ti gbà á. Ẹ má sì fi National kún un.


Aláta_Bàṣírì

Ẹ Má Fọwọ́ Nujú! Mo ti mú un. Ẹ ṣeun gan-an ni. @Olówó_Búrọ́ọ̀ṣì èló ni kíkọ ẹ̀, páànù ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ ọmọ òyìnbó. Ọ̀kan péré ló kù, ọkọ mi ní kí n fi "& Sons" sí ìsàlẹ̀. Ọmọ mẹ́ta la bí, obìnrin ni gbogbo wọn.


Olówó_Búrọ́ọ̀ṣì

Ìyá Aláta, ẹ gbọ́, ẹ jẹ́ ká kọ Daughters lẹ́ẹ̀kan náà. Màá ra páànù tó fẹ̀. Ẹ jẹ́ kówó ẹ̀ pé lọ́wọ́ yín kí n tó ṣí ọ̀dà.